Igi Tí Ìjì Wó ní Kika

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìjì ti ń wá nílẹ̀ Tchaourou kò nílò láti béèrè. Kó wo àwọn igi tó wó. Gbòǹgbò wọn dojú kọ ìlà-oòrùn, orí wọn kọ sí ìwọ̀-oòrùn, àti ńlá àti kékeré. Láti ìgbà tí alùpùpù akérò (zémídján) tó gbé wa ti fi ọ̀nà ọlọ́dà sílẹ̀, tó sì kọrí sínú ọ̀nà eléruku pupa tó lọ sí Kika, ni mo ti ń ṣàkíyèsí rẹ̀. Igi òrí kan dùbúlẹ̀ sáàárín ebè iṣu. Ọgbà kajú kan rèé tí ìlà kan odidi ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Níwájú díẹ̀, igi irú ràbàtà kan dábùú ọ̀nà. Wọ́n ti gé àárín rẹ̀ kúrò kí ọkọ̀ lè ríbi kọjá, ìdí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, orí rẹ̀ wà lápá òsì, ewé orí náà kò sì tíì rọ tán.

Kika jẹ́ ọ̀kan nínú agbègbè 7 tí ìjọba pín ilẹ̀ Tchaourou sí, ní ẹkùn Borgou, lórílẹ̀-èdè Benin. Tchaourou fúnra rẹ̀, ìlú tí Ààrẹ tẹ́lẹ̀rí Boni Yayi ti wá, wà ní nǹkan bí 60 kìlómítà sí gúúsù Parakou, lójú ọ̀nà ńlá tó ti Cotonou wá tó sì gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá. Téèyàn bá fi Kika sílẹ̀ tó ń lọ sí ìlà-oòrùn, ilẹ̀ Nàìjíríà ni yóò bá, lápá Baruten ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Kì í ṣe aṣálẹ̀. Ọ̀dàn ni, ilẹ̀ koríko gíga àti igi tó jìnnà síra. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú igi rẹ̀ ni èèyàn ó máa rí lọ́nà bó ti ń lọ sókè títí dé ẹnu Sàhẹ́lì: òrí, irú, àyìn, àjàgbọn. Igi tó mọ bí a ti ń gbé oṣù márùn-ún láìrí òjò ni wọ́n. Ọ̀dá kì í fi bẹ́ẹ̀ pa wọ́n. Ọjọ́ tí òjò bá padà dé gan-an ni ewu wọn.

Òjò àkọ́rọ̀ kì í dá wá níbẹ̀. Láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ooru á ti mú ilẹ̀ látàárọ̀, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́ tàbí òru, ìkùukùu á ṣú láti ìhà Nàìjíríà. Atẹ́gùn tútù á já lulẹ̀ láti inú ìkùukùu náà, bó bá sì ti kanlẹ̀ á tàn síwájú òjò. Ìdí nìyẹn tí ìjì fi máa ń kọ́kọ́ dé, tí eruku á ti gba ojú ọ̀run kí ẹ̀kán omi kan tó kàn wá lára. Irú òjò bẹ́ẹ̀ máa ń tò lọ ní ìlà gígùn tó lè kọjá ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà láti àríwá sí gúúsù, gbogbo ìlà náà á sì jọ máa rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Àkókò yẹn náà ni ọ̀pọ̀ igi ọ̀dàn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé tuntun. Atẹ́gùn rí ohun dìmú.

Ẹ̀gbọ́n tó mú mi lọ jẹ́ káfíńtà ní Tchaourou. Èdè Nàgó ló fi bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà, kò sì sí ohun tó sọ tí kò yé mi. Bí a ti ń sún mọ́ Kika ni èdè Bàrìbá àti ti Fúlàní gba ẹnu àwọn èèyàn, òun ló sì wá di ògbufọ̀ mi. Wọ́n ti ránṣẹ́ pè é nítorí oko bàbá àgbà kan tí ìjì ṣe lọ́ṣẹ́. A bá bàbá lábẹ́ ìbòòji níwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi náà dọ̀bálẹ̀, bàbá ní ká dìde, ó ní kí wọ́n bu omi fún wa. Ìgbà tí a béèrè àlàáfíà ilé, ti ọmọ, ti màlúù àti ti iṣẹ́ tán ló tó nawọ́ sí oko.

Lójú ọ̀nà oko náà, a kọjá lára igi àyìn kan tí àrá ti là sí méjì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ni ó ti gbẹ, tó sì jẹ́ igi ìdáná tó dára. Ẹ̀gbọ́n ní nílé tàwọn, igi tí àrá bá pa, àwọn olóṣàngó ni wọ́n ń ké sí kí ẹnikẹ́ni tó mú àdá sí i. Ó yà díẹ̀ kúrò lẹ́bàá rẹ̀, èmi náà yà.

Nínú oko, igi òrí kan ti wó lu igi apá kan. Àwọn méjèèjì ló ṣubú, òrí wà lókè, apá wà nísàlẹ̀, ẹ̀ka wọn ti wọnú ara wọn. Àwọn àgbà ní bí igi bá wó lu igi, tòkè là á kọ́ gbé. Inú ọ̀rọ̀ ìjà àti ọ̀rọ̀ gbèsè ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré. Nínú oko bàbá yìí, iṣẹ́ ọjọ́ náà ni.

Ọ̀dọ́kùnrin agégi tó wà níbẹ̀ kò tètè tan ẹ̀rọ. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó lé àwọn ọmọdé kúrò nínú kòtò tí gbòǹgbò apá náà fà yọ. Wọ́n ń ṣeré níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ tutù, ògiri amọ̀ àti gbòǹgbò sì ga lẹ́yìn wọn ju àgbàlagbà lọ. Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé fún mi. Ìwọ̀n ìtì igi tó dùbúlẹ̀ nìkan ló mú kí gbòǹgbò yẹn dúró bẹ́ẹ̀. Ní kété tí wọ́n bá gé ìtì kúrò, gbòǹgbò pẹ̀lú gbogbo amọ̀ ara rẹ̀ lè dìde padà, kó sì dé kòtò náà pátápátá, láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tó bá wà nínú kòtò, ó ti wà lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo wo kòtò náà, mo wo ọmọbìnrin kékeré kan tí kò fẹ́ jáde, mo lọ fà á lọ́wọ́ jáde fúnra mi.

Lẹ́yìn náà ni agégi yí igi òrí náà ká. Ó ń fi àdá lu ẹ̀ka, ó ń fetí sí ìró rẹ̀. Ẹ̀ka kan tó nípọn ju itan lọ ti tẹ̀ sábẹ́ ìtì, orí rẹ̀ wọlẹ̀. Ó ní ìyẹn ni ọ̀tá. Ẹ̀ka tó bá tẹ̀ ti gba agbára pamọ́ sínú. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ gé e lẹ́ẹ̀kan náà, yóò ta padà mọ́ ọn ní àyà tàbí lójú. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gé e, láti inú ibi tó ká sí, títí agbára náà yóò fi tú. Ìtì fúnra rẹ̀ sì ní òfin tirẹ̀. Bó bá fi orí méjèèjì gbé nǹkan tí àárín rẹ̀ wà lófuurufú, ẹ̀yìn rẹ̀ ń fún pọ̀, ikùn rẹ̀ ń na. Ẹni tó bá gé e látòkè wálẹ̀, igi á há ẹ̀rọ mọ́ ibẹ̀. Ó gé ẹ̀yìn díẹ̀, ó wá kó sísàlẹ̀, ó parí rẹ̀ látìsàlẹ̀. Igi náà dún, ó là, ó sì jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́. Oje funfun ń jáde lára èèpo òrí náà, inú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó wúwo débi pé ọkùnrin méjì ló gbé ègé tí kò ju apá mi lọ ní gígùn.

Mo ti rò pé ìjì nìkan ni mo wá wò. Gbòǹgbò ló sọ ìyókù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ìdí igi òrí náà, iná ti jẹ ihò wọlé, ihò dúdú tí ọwọ́ mi wọ̀ dé ìgúnpá, ikán sì ti gba ibẹ̀ ṣelé. Ọdọọdún ni wọ́n ń dáná sun koríko ní ọ̀dàn. Gbòǹgbò tó yẹ kó nà lọ sí apá gúúsù ti gé kúrú, egbò rẹ̀ ti jinná tipẹ́. Ẹnu irin ìtúlẹ̀ ló gé e, nígbà tí wọ́n ń fi màlúù túlẹ̀ fún òwú. Ní ti apá, àpá ọ̀bẹ àwọn darandaran wà lára gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko bá ti tán, àwọn Fúlàní máa ń gun apá, ọ̀gànwó àti osùn ọ̀dàn, wọ́n á gé ẹ̀ka tútù fún màlúù wọn. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Màlúù tí kò bá rí ewé jẹ á kú. Ṣùgbọ́n igi tí a ń gé lọ́dọọdún á yọ ẹ̀ka ṣùùrù sókè orí kan ṣoṣo, orí á wúwo, àpá gígé á sì di ẹnu ọ̀nà fún omi àti olú.

Ohun mìíràn tún wà tó hàn gbangba bí a bá dúró láàárín oko. Nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, igi ń gba atẹ́gùn fún igi. Àgbẹ̀ wá ro oko, ó gé gbogbo ìyókù, ó dá òrí, irú àti apá sí nítorí pé ó mọ iyì wọn. Ìdásí yẹn tọ́, àwọn baba ńlá ló kọ́ wa. Síbẹ̀ igi tí a dá sí di ẹni tí ń dá ìjà jà. Ìjì ló wó igi bàbá, ṣùgbọ́n iná, irin àti àdá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀.

Kò ju ìgbà díẹ̀ lọ tí a ti wà níbẹ̀ tí ọkùnrin kan fi gun alùpùpù dé. Èédú ló ń rà. Ó ti gbọ́ pé igi wó, ó fẹ́ san owó lójú ẹsẹ̀ fún gbogbo rẹ̀, àtòrí àtapá, ẹ̀ka àti ìtì. Lójú ọ̀nà ńlá tó gba Tchaourou kọjá, àpò èédú ni wọ́n ń tò sẹ́bàá títì; ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń kó o lọ sí Parakou àti sí Cotonou lọ́hùn-ún. Mo mọ̀ pé èédú ni wọ́n fi ń se oúnjẹ ní ìlú ńlá, mo sì mọ̀ pé owó tó dé lónìí sàn fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń retí owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò rẹ̀. Nínú àká èédú tí a fi koríko àti erùpẹ̀ bò, irú èyí tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, igi 100 kìlò kì í sábà mú ju èédú kìlò 10 sí 20 jáde. Ìyókù di èéfín. Igi kajú tó wó, ẹ fi ṣe èédú, inú mi dùn sí i. Kajú kì í pẹ́ dàgbà, ọgbà ni a sì ti ń gbìn ín. Àmọ́ kí a kó apá tó pọn dénú, tó lè di ilẹ̀kùn tí ọmọ-ọmọ yóò máa ṣí, sínú àká kan náà pẹ̀lú ẹ̀ka kajú, ó dùn mí gan-an.

Ìkánjú ló ń fà á. Oníèédú náà ní bí bàbá kò bá tà lónìí, igi á bàjẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ sórí igi irú nìkan. Igi irú kan tó tún wó létí oko náà funfun nínú, ó fúyẹ́, kòkòrò sì máa ń tètè wọ̀ ọ́. Bí wọn kò bá bó èèpo rẹ̀ kí wọ́n sì là á kíákíá, ìyẹ̀fun ni yóò dà. Òrí le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ikán kì í tètè jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbẹ́ odó, ọmọ odó àti ẹ̀rúkọ́ láti ara rẹ̀. Apá ńkọ́? Ara funfun ìta rẹ̀ ni kòkòrò ń jẹ. Àárín rẹ̀ tó pọ́n rokoroko lè wà nílẹ̀ ọdún lórí ọdún kí ó má rà. Oníṣòwò ló ń kánjú, apá ò kánjú rárá. Ẹ̀gbọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún bàbá lédè Bàrìbá, ó tún sọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ lu ìtì náà. Ohun tí mo bá wá sí Kika nìyí, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ní oko ní ọ̀dàn gbọ́: kí wọ́n tó dá iye owó igi tó wó, kí wọ́n bi í bó ti lè dúró pẹ́ tó.

Òfin pẹ̀lú dá sí i. Ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1993 ni òfin igbó Benin, Òfin 93-009, jáde, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ igbó (Eaux et Forêts) ló sì ń mú un ṣẹ. Igi tó wó fúnra rẹ̀ kò tíì di ohun tí èèyàn kàn lè dì sínú ọkọ̀. Bó bá máa rìn lójú títì, ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ bá a rìn. Lórí osùn ọ̀dàn, igi tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kosso, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ẹ̀jẹ̀ ni oje rẹ̀ jọ bí a bá ṣá a, òun ni wọ́n fi ń ṣe ọmọ balafọ́ọ̀nù káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, òun náà sì ni wọ́n ti kó lọ sí Ṣáínà fún àga àti bẹ́ẹ̀dì olówó ńlá, débi pé láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni CITES, àdéhùn tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi inú igbó, ti fi í sábẹ́ ìṣọ́ káríayé. Àwọn ẹlòmíràn máa ń gé igi tó dúró, wọ́n á ní ìjì ló wó o. Kùkùté kì í purọ́: èyí tí ìjì wó fa gbòǹgbò yọ tàbí kó ya fààfàà, èyí tí ẹ̀rọ gé tẹ́jú.

Iṣẹ́ ìgégi tán, iṣẹ́ gbígbẹ ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ pákó ọ̀dàn ti ń ṣòfò. Oòrùn àti ọyẹ́ ibẹ̀ kì í fún igi láyè. Ẹnu ìtì tí a gé ń gbẹ ju àárín rẹ̀ lọ, ó ń sún kì, àárín kò sì tíì sún kì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń là. Lójú mi, lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, ẹnu òrí tí wọ́n gé láàárọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ẹ̀gbọ́n mú ọ̀dà tó ṣẹ́kù nínú agolo kan, ó kùn ún sí ẹnu ìtì kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí kò bá sí ọ̀dà, òun á yọ́ àbẹ́là, bí kò bá sí àbẹ́là, ìgbẹ́ màlúù tí a pò mọ́ amọ̀ sàn ju kí ẹnu rẹ̀ ṣófo. Pákó tí wọ́n bá là, abẹ́ òrùlé ni, lórí òkúta kí ikán má rí i, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbẹ láàárín pákó kan àti èkejì kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀, ẹrù wúwo lórí gbogbo rẹ̀ kí ó má baà ká. Pákó tó nípọn tó ìka méjì lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣeé fi kan ilẹ̀kùn.

Ní Sweden, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà kí igi tí ìjì wó má bàjẹ́. Lóṣù kìíní ọdún 2005, ìjì tí wọ́n sọ ní Gudrun wó igi tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 75 kúbíìkì mítà láàárín òru kan, iye tí àwọn ẹ̀rọ agbègbè náà kò lè là tán lọ́dún kan. Wọ́n kó ìtì jọ pelemọ sí ibi kan tó ń jẹ́ Byholma, wọ́n sì ń fi omi wọ́n ọn tọ̀sán-tòru kí kòkòrò àti olú má lè wọ̀ ọ́. Kika kò ní irú omi yẹn. Parakou fúnra rẹ̀ gbára lé odò Ọkpárá fún omi mímu. Ibi tí mo rò pé ó jọ Kika jù ni Arizona ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ aṣálẹ̀ gidi, níbi tí ìjì òjò ìgbà ooru ti máa ń wó igi mesquite ní àwọn ìlú bíi Tucson àti Phoenix. Nínú igbó, gbòǹgbò mesquite ń wá omi lọ jìnnà sísàlẹ̀. Láàárín ìlú, àwọn èèyàn ń bomi rin ín lórí ilẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ jókòó sókè, orí rẹ̀ kún ju bó ti yẹ lọ, ìjì kan á dé, ó tán. Níbẹ̀ náà, ọwọ́ èèyàn ti ṣáájú ìjì. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀ ń wá mesquite tó wó kiri nítorí igi rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ká bó bá ń gbẹ; wọ́n ń fi ṣe àwo, tábìlì àti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí oòrùn yí, àwọn obìnrin dé. Ọ̀rọ̀ tiwọn kò jẹ mọ́ pákó. Igi òrí kejì kan wà lápá ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, ìjì ti tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀ ṣùgbọ́n kò fa ìdí rẹ̀ yọ tán. Ìlàjì gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀, ewé rẹ̀ tutù, èso kéékèèké sì wà lórí rẹ̀. Agégi ti ń lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ìyá kan tó dàgbà jù nínú wọn dúró síwájú igi náà. Kò pariwo. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́ títí, Ẹ̀gbọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní kúkúrú: ìyá ọkọ òun ló ti ń ṣa èso igi yìí kí òun tó délé, àwọn tó bá gbin òrí lónìí, ọmọ wọn ni yóò jẹ ẹ́. Òtítọ́ ló sọ. Òrí tí a gbìn lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so, ó sì lè wà láyé ju ọdún 100 lọ. Owó òrí jẹ́ owó obìnrin ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Láti oṣù karùn-ún títí dé ìkẹjọ, èso òrí ni wọ́n ń ṣa láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n ń sè, wọ́n ń sá, wọ́n ń gún, wọ́n ń pò ó títí ọ̀rá á fi lé sókè. Igi kan tó dùbúlẹ̀ tó sì ṣì ń so kò yàtọ̀ lójú wọn sí èyí tó dúró, àyàfi pé èso rẹ̀ tún wá súnmọ́ ọwọ́.

Bàbá ronú díẹ̀, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó erùpẹ̀ bo gbòǹgbò tó hàn síta, kí wọ́n sì gé díẹ̀ kúrò nínú ẹ̀ka tó wà lókè kí ìjì tó ń bọ̀ má baà parí rẹ̀. Igi irú ni wọ́n tà fún oníèédú, pẹ̀lú ẹ̀ka òrí àti ti apá tí kò tó pákó. Ìtì òrí di ti agbẹ́dó kan ní abúlé kejì. Kùkùté òrí àkọ́kọ́ àti ti apá, wọ́n gé wọn mọ́lẹ̀ dáadáa, wọn kò hú wọn, nítorí àwọn igi wọ̀nyí máa ń rú láti ìdí bí gbòǹgbò díẹ̀ bá ṣì wà nínú ilẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n lé jáde nínú kòtò láàárọ̀ ni wọ́n rán lọ kó ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún wá yí wọn ká, kí màlúù má baà jẹ ọ̀mùnú. Ìtì apá wà ní Kika. Ẹ̀gbọ́n yóò là á níbẹ̀, yóò tò ó sábẹ́ òrùlé ilé bàbá títí di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò sì lọ gba ìwé àṣẹ kí pákó kankan tó gorí títì. Wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lórí ìpín: ilẹ̀kùn méjì fún ilé bàbá láìgba owó iṣẹ́, ìyókù ni Ẹ̀gbọ́n yóò tà, wọn yóò sì pín owó rẹ̀.